Mo Yọ Orúkọ Mi Kúrò Nínú Ìwé Àyẹ̀wò Náà

                                        Ilé Alájì Tàjúdíìn,
                                        Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí Kékeré,
                                        Mabera,
                                        Ṣókótó.
                                        Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹwàá, Ọdún 2025.

Kúnmi, ọ̀rẹ́ tí mo fẹ́ràn bí ọmọ ìyá mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le, àti ti ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn? Màmá yín ńkọ́, ṣé eékún tó ń dùn wọ́n ti jẹ́ kí wọ́n sinmi? Mo kí yín kú òjò Ìbàdàn. Lọ́dọ̀ tiwa, òjò ti dáwọ́ dúró, ooru tó o bá jìjàkadì nígbà tó o jẹ́ àgùnbánirọ̀ níbí sì ti padà dé. Ìyá mi ní kí n kí ọ dáadáa. Yàrá tó o gbé ṣì wà bó ṣe wà, àfi pé àwọn adìẹ wọn ti gbà á. A dúpẹ́, ara wa le, a sì ń jẹun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò níṣẹ́ lọ́wọ́ mọ́.

Mo gbọ́ ohùn rẹ tó o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ. O ní àyè iṣẹ́ kan ṣí sílẹ̀ ní ọ́fíìsì yín, o sì fẹ́ fi orúkọ mi sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ lọ bẹ Ọ̀gá Gbádéyan kí wọ́n lè kọ ìwé ẹ̀rí rere fún mi, kí n má sì jẹ́ kí àwọn ará ọ́fíìsì yín gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó yẹ kí n fi ohùn dá ọ lóhùn, ṣùgbọ́n inú ń bí mi, ohùn mi á máa gbọ̀n, wàá sì rò pé ẹkún ni mò ń sun. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà yìí, tí mo sì fi rán Ibraheem, ọmọ àdúgbò wa, tó ń bọ̀ wá sí Ìbàdàn.

Ohun tó dé etí rẹ ni pé mo dójú ti ọ̀gá mi níwájú oníbàárà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ròyìn fún ọ kò sọ ìdí rẹ̀.

O mọ ọ́fíìsì wa lórí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nítòsí ọjà Babbar Kasuwa. Ìkànnì ayélujára là ń ṣe fún àwọn èèyàn. Ọlábíyìí ló ń kọ ọ́, èmi ni mò ń yẹ̀ ẹ́ wò, Ọ̀gá Gbádéyan ló ń wá oníbàárà. Lọ́dún yìí, ilé ìgbẹ̀bí kan ní Tudun Wada gbé iṣẹ́ fún wa. Wọ́n fẹ́ kí aláboyún lè ti ilé rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ lórí fóònù: orúkọ rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, oṣù tí oyún rẹ̀ wà, àti irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bó bá wá dé ọ̀dọ̀ wọn, nọ́ọ̀sì á tẹ nọ́ńbà fóònù rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì jáde. Iṣẹ́ tó dára ni. Inú mi dùn sí i ju bó ṣe ń dùn sí àwọn ìkànnì tí à ń ṣe fún àwọn oníṣòwò lọ.

O máa ń fi mí ṣẹ̀sín pé títẹ bọ́tìnì lásán ni wọ́n ń sanwó fún mi lé lórí. Jẹ́ kí n là ọ́ lóye. Ẹni tó kọ iṣẹ́ ló kọ́kọ́ ń yẹ̀ ẹ́ wò, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni yóò so àwọn ẹyọ náà pọ̀, kó wò ó bóyá wọ́n bára wọn rẹ́. Ìgbà yẹn ló tó kàn mí. Èmi kì í wo inú rẹ̀ rárá. Bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan ni mo ṣe ń lò ó, bí alágídí, bí ẹni tó ń kánjú, bí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa. Bí Ọlábíyìí bá tún ibì kan ṣe nítorí ohun tí mo rí, a ó tún gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó ń tún òrùlé ṣe lè fẹsẹ̀ ti ògiri. Oníbàárà ló máa ń kẹ́yìn. Á fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán an wò, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì fọwọ́ sí ìwé kan pé ó dára: ẹni tó kọ ọ́, ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, ẹni tó ni ín.

Ọjọ́ méjìlá ni mo fi yẹ̀ ẹ́ wò. Mo kọ lẹ́tà síbi tó yẹ kí nọ́ńbà wà. Mo fi ibì kan sílẹ̀ lófìfo. Mo bí obìnrin sí ọdún tí kò tíì dé. Mo tẹ bọ́tìnì kan ṣoṣo títí tí Ọlábíyìí fi bèèrè bóyá ara mi yá. Gbogbo rẹ̀ ló yege. Gbogbo obìnrin tí mo finú rò ni mo sì fún ní nọ́ńbà fóònù tirẹ̀. Mo fọwọ́ sí ìwé, mo lọ sílé, mo sun oorun àsùnwọra.

O rántí Jummai, aládùúgbò wa, ìyàwó Alhaji Yahya tó ń ta àlùbọ́sà ní Babbar Kasuwa? Ó lóyún oṣù méje nígbà náà. Ilé ìgbẹ̀bí ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìkànnì náà díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n tó ṣí i fún gbogbo ayé, ni mo bá fi ìgbéraga mú fóònù, mo bá Jummai forúkọ sílẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan. Nọ́ńbà ọkọ rẹ̀ la lò, òun náà ni gbogbo ilé ń lò. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, Balkis, orogún rẹ̀, ní kí n ṣe tòun náà. Mo ṣe é. Ìgbà tí mo wá fẹ́ fi ojú ìwé Jummai hàn án, tí mo tẹ nọ́ńbà náà, Balkis ló jáde. Mo tún un tẹ̀. Balkis náà ni. Oyún oṣù méje ti di oṣù mẹ́ta. Ẹ̀jẹ̀ Jummai, tó ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí dókítà ti kìlọ̀ fún ọkọ rẹ̀ kó tètè máa wá ẹni tó lè fún un, ti di ẹ̀jẹ̀ Balkis.

Nọ́ńbà fóònù ni ìkànnì yẹn mọ̀ sí èèyàn. Bí nọ́ńbà kan bá wọlé lẹ́ẹ̀kejì, á rò pé ẹnì kan náà ló wá tún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ṣe, á sì pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Mi ò bá Ọlábíyìí wí. Èkó ló dàgbà sí, òun nìkan ní fóònù méjì. Èmi tí wọ́n bí sí Mabera ńkọ́? Èmi tí ìyá mi àti àwọn ìyàwó Alájì Tàjúdíìn jọ ń lo fóònù kan nílé yìí títí mo fi wọ yunifásítì? Ilé là á wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ, Kúnmi. Mo wo gbogbo àṣìṣe tó wà láyé, mi ò wo ilé wa. Ojú tì mí, kí n má parọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n ìtìjú ò ní kí èèyàn dákẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé mo sọ fún Ọlábíyìí. Ó ní òun nílò ọjọ́ mẹ́ta láti tún un ṣe, èmi náà á sì nílò bíi márùn-ún láti tún un yẹ̀ wò. A jọ wọlé tọ Ọ̀gá lọ. Wọ́n ní Ọjọ́bọ̀ ni ilé ìgbẹ̀bí fẹ́ ṣí i, wọ́n ti tẹ káàdì ìpè, àwọn èèyàn ńlá ń bọ̀. Wọ́n ní kí á jẹ́ kí wọ́n ṣí i ná, a ó máa tún un ṣe lábẹ́lẹ̀, ilé mélòó ló tiẹ̀ kù tí ìyàwó méjì ti ń lo fóònù kan? Mo bi wọ́n bóyá Tudun Wada tí mo mọ̀ ni wọ́n ń sọ. Ìyẹn bí wọn nínú.

Wọ́n ní, "Sìmbíátù, o ti fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ ti parí."

Mo ní, "Ọwọ́ mi ni, sà. Mo yọ ọ́."

Mo lọ kọ ọ́ sínú ìwé kan pé èmi Sìmbíátù, tí mo sọ pé iṣẹ́ yìí yege, mo ti rí i pé kò yege, mo sì yọ orúkọ mi kúrò. Wọ́n ká a, wọ́n tì í sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì wọn, wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ bá ilé ìgbẹ̀bí sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́rú, Hajiya Zahrau, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìgbẹ̀bí náà, wá ṣe àyẹ̀wò ti oníbàárà. Àyẹ̀wò yẹn, oníbàárà ló yẹ kó mú ohun tí yóò dán wò wá láti inú iṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá ti kọ obìnrin mẹ́fà sórí páálí fún wọn, obìnrin mẹ́fà, nọ́ńbà mẹ́fà. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, ó ń dán, ó ń yọ̀. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n fi mí sí. Nígbà tí Hajiya mú báírò tí wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa fọwọ́ sí, ẹsẹ̀ mi gbé mi síwájú. Mo sọ ọ́ ní Hausa kó lè yé gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀.

Mo ní, "Hajiya, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ fi nọ́ńbà kan forúkọ orogún méjì sílẹ̀."

Ọ̀gá ní kí n jáde. Hajiya ní kí n dúró. Wọ́n kọ Jummai, wọ́n kọ Balkis, wọ́n tẹ nọ́ńbà náà. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n wá gbójú sókè sí Ọ̀gá.

"Ina Jummai ta tafi?"

Ibi tí Jummai gbà lọ ni wọ́n ń bèèrè. Wọ́n fi báírò sílẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n mú báàgì wọn, wọ́n lọ. Kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, ìwé tí wọ́n fi lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ti wà lọ́wọ́ mi.

Hajiya padà sídìí ìwé ńlá tí wọ́n fi ń kọ orúkọ tẹ́lẹ̀, èyí tí wọ́n ti fẹ́ kó sí yàrá ẹrù. Wọ́n fi wé ti orí ìkànnì. Nínú obìnrin méjìléláàádọ́ta tó ti forúkọ sílẹ̀, mẹ́sàn-án ti dàwátì. Wọ́n sún ọjọ́ ṣíṣí síwájú. Ọlábíyìí ti ń tún un ṣe báyìí, kí obìnrin kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ilé ìgbẹ̀bí. Ó pè mí láṣìírí, ó ní kí ni kóun tún dán wò. Mo ní kó wá obìnrin tí kò ní fóònù rárá, kó tún wá méjì tí orúkọ wọn bára mu, tí ọkọ wọn sì jẹ́ ẹnì kan.

Ní ti ẹ̀bẹ̀ tó o ní kí n lọ bẹ̀, mo ti lọ. Mi ò dá lọ o, Alájì Tàjúdíìn, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló kó àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́ méjì tó ń gbé Ṣókótó níbí lẹ́yìn, wọ́n mú mi lọ sílé Ọ̀gá. Ọ̀gá kì í ṣe èèyàn burúkú. Wọ́n gbé omi àti móòtì wá, wọ́n bi mí nípa ìlera ìyá mi. Wọ́n ní àwọn á gbà mí padà. Kìkì pé kí n kọ ọ́ sínú ìwé pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ níwájú Hajiya kò yé mi dáadáa, pé àyẹ̀wò mi ti àkọ́kọ́ ló tọ̀nà. Àwọn oníbàárà míì ti ń gbọ́ ọ, Ọ̀gá sì fẹ́ ìwé tí àwọn máa fi hàn wọ́n. Àwọn àgbà mi orí. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà.

Mo ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, ọjọ́ orí yín ni mo kúnlẹ̀ fún. Mi ò kúnlẹ̀ fún ìwé yẹn, mi ò sì ní kọ ọ́."

Nígbà tí kẹ̀kẹ́ gbé wa délé, Alájì ní inú ń bí àwọn sí mi, á ṣì máa bí àwọn lọ́la, ṣùgbọ́n kí n wá jẹun. Mo jẹun.

Jummai ti wọ oṣù kẹjọ. Hajiya fi ọwọ́ ara wọn kọ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ padà sínú ìwé ńlá, ọkọ rẹ̀ sì ti rí ẹni méjì tó lè fún un. Jummai ní kí n kí ọ. Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o bá mi fi ẹnu ko ọmọ lẹ́rẹ̀kẹ́, kí o sì sọ fún Màmá pé Ibraheem ń mú àlùbọ́sà bọ̀ fún wọn.

Ó wá ku ohun kejì tó o ní kí n ṣe, pé kí n bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú ọ sọ ọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní ṣe é. Fi orúkọ mi sílẹ̀, kí o sì sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Sọ fún wọn pé mo ti fọwọ́ sí ìwé tí kò tọ̀nà rí. Sọ pé nígbà tí mo mọ̀, mo yọ ọ́, lójú ọ̀gá mi, lójú oníbàárà, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ mi nítorí ẹ̀. Bí wọ́n bá ní àwọn ò fẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, má bẹ̀ wọ́n. Kì í ṣe ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wò ni wọ́n ń wá nígbà náà. Òǹtẹ̀ ni wọ́n ń wá, òǹtẹ̀ sì pọ̀ lọ́jà.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yí padà,

Sìmbíátù