Omi Ògì Tó Mú Màmá Sọ̀rọ̀

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìrọ̀lẹ́, ní Aké

Màmá mi sọ̀rọ̀ lónìí. Láti oṣù mẹ́ta tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù wọ́n, ojú nìkan ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Lánàá ni dókítà tún ní kí n má retí ohun púpọ̀.

Mo sẹ́ ògì láàárọ̀. Ike ògì wa ti jò, ni mo bá dà á sínú ìgò ńlá kan, mo gbé e sórí tábìlì níwájú wọn. Bí ògì ṣe ń lọ sísàlẹ̀, omi ń gba àárín rẹ̀ yọ gòkè tín-ín-rín bí èéfín. Màmá ń wò ó, wọn ò ṣẹ́jú.

“Ó ń... gòkè.”

Mo ní, “Kí lẹ wí, Màmá?”

“Omi. Ògì... ló ń tì í.”

Mo sáré fẹ́ gbá wọn mọ́ra, orúnkún mi kọlu tábìlì, gbogbo ògì bá dàrú.

“Má mì í!” Wọ́n jágbe mọ́ mi bí ìgbà tí mo wà ní kékeré.

Lọ́jọ́ Ajé, mo gbọ́dọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́ l'Ékòó. Mi ò mọ bí màá ṣe fi wọ́n sílẹ̀ báyìí.

Bí wọ́n ṣe jágbe mọ́ mi yẹn, mo ní, “Ẹ má bínú, Màmá.” Mo bú sẹ́kún. Ìbáwí kankan ò dùn mọ́ mi tó báyìí rí.