Irin Tó Nípọn Ni Iná Kọ́kọ́ Ń Bá

Bàbá mi, ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ jíjó irin,

Ọgbà irin ojú oórì yín ti parí. Àárọ̀ yìí ni mo jó irin tó kẹ́yìn pọ̀. Mo rò pé inú mi á dùn, tàbí kí n sunkún, àmọ́ kò sí èyí tó wá nínú méjèèjì. Mo kàn ká wáyà ẹ̀rọ, mo lọ fọwọ́.

Àǹtí Bọ́sẹ̀, àbúrò yín, kò fẹ́ kí n ṣe é. Wẹ́dà kan ní Àtòsin ni wọ́n fẹ́ pè, torí àdúrà ìrántí yín ku ọjọ́ mẹ́ta, wọn ò sì fẹ́ ìtìjú lójú àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Mo yarí. Bí ẹlòmíràn bá ṣe ọgbà oórì yín, ta ló tún máa gbé iṣẹ́ wá fún mi ní ṣọ́ọ̀bù yín ní Òdòde? Àdéhùn wa ni pé bí mo bá bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kí wọ́n pè é.

Páìpù ńlá tẹ́ ẹ kó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, tẹ́ ò jẹ́ ká tà, ni mo fi ṣe òpó. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni mo fi gé òdòdó. Mo gbé iná sáàárín àwọn méjèèjì bí ẹni ń pín ẹran fún ìbejì. Iná dá òdòdó lu. Mo gé òmíràn, òun náà lu. Àǹtí yọ fóònù sọ́wọ́.

Mo gbé ẹ̀wù iṣẹ́ yín wọ̀, torí iná ti ta sí tèmi. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé ẹ kì í gbé iná sáàárín. Irin tó nípọn lẹ máa ń dojú iná kọ títí á fi pọ́n, ẹ ó wá jẹ́ kí iná kan èyí tó fẹ́lẹ́ fìrí, kó sì padà. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ó mú. Mo fi òòlù kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, mo dẹtí sí ìró rẹ̀ bíi tiyín. Àǹtí dá fóònù padà sí báàgì.

Bàbá, láti kékeré, èmi lẹ máa ń bá wí. Ṣeun àbúrò mi á fọ́ àwo, èmi lẹ máa pè. Lójú oníbàárà lẹ ti ń já irin gbà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀pà tó bá ṣẹ́ kù sí àpò ẹ̀wù yín nírọ̀lẹ́, Ṣeun ló ni ín. Mo gbà pé ẹ ò fẹ́ràn mi. Mo gbé ìbínú náà dé ilé ìwòsàn tẹ́ ẹ kú sí. Àbúrò mi ló di ọwọ́ yín mú, èmi dúró lójú fèrèsé, mò ń wo òkè. Ó dùn mí. Ṣé ẹ rí mi níbẹ̀?

Ṣé torí pé èmi ni mo nípọn ni? Ṣé ẹ̀rù ń bà yín pé Ṣeun á lu bí òdòdó yẹn? Ẹ̀ bá ti sọ fún mi.

Nígbà tí mo fẹ́ bọ́ ẹ̀wù yín, mo bá ẹ̀pà méjì nínú àpò rẹ̀. Wọ́n ti pẹ́ níbẹ̀, wọ́n ti korò. Mi ò pe Ṣeun. Mo jẹ méjèèjì.

Èmi ni, àkọ́bí yín tó fẹ́ràn yín, tí kò tíì sunkún.