Ìrònú Tí O Ní Kí N Má Lé

Káyọ̀, Àjàní ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ò ń jẹun kánú? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ojú tì ọ́ láàárín àwọn ará Èkó. Gbogbo wa ní Mowé ń kí ọ. Òjò ti dá díẹ̀, ìyẹn ni mo fi sá láfún, ọ̀rọ̀ láfún náà gan-an ló sì ń bí mi nínú sí ọ.

Mo kàn sọ fún ọ lórí fóònù pé ìrònú kì í jẹ́ kí n rí oorun sùn ni. O ò ní kí n lo oògùn, o ò ní kí n gbàdúrà. O ní ọ̀rẹ́ rẹ kan kọ́ ọ pé kéèyàn jókòó jẹ́ẹ́, kó di ojú, kó máa wo ìrònú bó ṣe ń wọlé, kó má bá a jà, kó má sì lé e. Bí o ṣe fẹ́ sọ èyí tó kàn ni káàdì rẹ tán. Ṣé bí wọ́n ṣe ń kọ́ àgbàlagbà ní nǹkan nìyẹn, ní ààbọ̀?

Síbẹ̀, mo gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu. Mo tẹ́ ẹní sábẹ́ igi àgbálùmọ̀, mo di ojú. Ìrònú òrùlé tó ń jò ló kọ́kọ́ dé. Mo ní ẹ káàbọ̀, nítorí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń wo àlejò níran láì kí i. Èyí tó tẹ̀ lé e ni ti ewúrẹ́ pásítọ̀ tó ra ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa. Mo ń wò ó lọ́kàn mi, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń jẹun wọ̀mùwọ̀mù. Mo ní áà, ìrònú yìí mà jinlẹ̀ o. Ọwọ́ ń yún mi láti sọ òkò, àmọ́ o ti ní kí n má lé e. Ìgbà tí Bùrẹ́ímọ̀ aládùúgbò wa pariwo ni mo tó lajú. Ewúrẹ́ gidi ni! Ó ti jẹ láfún tí mo sá sórí tápólì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tán, ó tún ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo pè é. Bùrẹ́ímọ̀ ní ṣé mo sùn lọ ni. Mo ní rárá, ọmọ mi ló ní kí n má lé e.

Ọjọ́ kejì ni tẹ́ẹ̀sì rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù mi. Bùrẹ́ímọ̀ bá mi kà á, o ní bí mo bá ti wò ó tán, kí n jẹ́ kó máa lọ. O ò sọ bẹ́ẹ̀ kí láfún tó tán! Mo tún jókòó. Ti òrùlé lọ, ti ewúrẹ́ lọ, pásítọ̀ pàápàá lọ. Tìrẹ nìkan ló kọ̀ tí kò lọ.

Láwàlì tó ń fi bọ́ọ̀sì kó èrò láti Ìbàfò lọ sí Èkó ti sọ fún mi, Káyọ̀. Ó ní wọ́n ti dá yín dúró níbi iṣẹ́ láti ìgbà Àjíǹde, pé ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù ni òun ti rí ọ tí ò ń ru yanrìn. O sì ń sọ fún mi pé àyè ni kò gbà ọ́ láti wálé! Ta ló ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí ìrònú lọ bí kò bá ní ohun tó ń rò? Èmi tí mo bí ọ ni ò ń fi í pamọ́ fún? Inú mi ò dùn sí ọ rárá. O fẹ́ kí n jẹ́ kí ìrònú ọmọ mi máa lọ, kó máa lọ síbo? Mi ò ní jẹ́ kó lọ.

Mi ò bèèrè owó òrùlé lóṣù yìí, má wulẹ̀ lọ yá a. Owó láfún ṣì wà lọ́rùn rẹ o, bí iṣẹ́ bá dé, wàá san án. Bí owó mọ́tò kò bá sí, wọ ọkọ̀ Láwàlì, mo ti bá a sọ̀rọ̀.

Ọlọ́run yóò ṣí ọ̀nà mìíràn fún ọ, ọwọ́ rẹ kò ní ṣófo, o kò ní ṣiṣẹ́ fẹ́lòmíràn jẹ. Ṣùgbọ́n wálé ná. Pálọ̀ ni mo ń dùbúlẹ̀ sí báyìí, kí n lè tètè gbọ́ bí o bá kan ilẹ̀kùn.

Èmi ìyá rẹ,
Ayọ̀níkẹ́