Ta Ni Látè Tó Gbà Ọ́ Lọ́wọ́ Báńkì?

Abúlé Olórò,
Ẹ̀bá Ṣakí.

Ọlábùnmí, Àwẹ̀ró ọmọ mi, ní Madina, ní Accra,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Àwa níhìn-ín wà láàyè, ìyá rẹ ń kí ọ, Olúkúnlé ẹ̀gbọ́n rẹ ń kí ọ, orúnkún mi tó ń dùn mí náà ń kí ọ. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ níbi tí wọ́n bá ti ń pín ire, ọjà tí o bá gbé kalẹ̀ kò ní sùn lórí àtẹ. Òjò ti rọ̀, àgbàdo ti yọ, òrùlé ilé ìdáná kò tíì wó. Ẹni tó ní yóò wó lọ́dún tó kọjá, òrùlé tirẹ̀ ló wó.

Ọmọ mi, oṣù méje rèé tí mi ò kọ̀wé sí ọ. Mo fẹ́ kí o mọ ìdí rẹ̀, nítorí ìwọ lo fà á, àmọ́ èmi náà dá sí i díẹ̀.

Ṣé o rántí pé o fi ohùn rẹ ránṣẹ́ sínú fóònù Olúkúnlé? Ó gbé e sí mi létí. Mo ní o kú àtijọ́, o kò dáhùn. Mo ní ṣé o ti jẹun, o kò dáhùn, ò ń sọ̀rọ̀ tìrẹ lọ bí ọmọ tí a ò kọ́ nílé. Mo gbójú fò ó. Ohun tí mo wá gbọ́ ni pé o ti fi báńkì sílẹ̀ nítorí Látè, pé ọ̀dọ̀ Látè ni gbogbo ọkàn rẹ wà, pé ojoojúmọ́ lò ń lọ atalẹ̀ pupa àti kànáfùrù fún Látè, o sì ń dárúkọ Ọ̀gá Níìkì léraléra.

Mo ránṣẹ́ pe Làmídì, tó ṣe bíríkìlà ní Accra nígbà èwe rẹ̀, mo bi í pé ta ni Látè. Ó ní orúkọ àwọn ará Gã ni, pé òun bá Látè kan ṣiṣẹ́ rí ní Tema, ó ga, ó sì máa ń jẹ ẹja púpọ̀. Inú bí mi. Mo ti sọ fún gbogbo abúlé pé ọmọ mi ló ń ṣọ́ owó àwọn ará Ghana kí wọ́n má baà ná an tán, o wá fi í sílẹ̀ láti lọ máa lọ ata fún ọkùnrin tí kò tíì wá kí wa. A ti gbà pé Ọ̀gá Níìkì ni bàbá rẹ̀. Inú ìyá rẹ dùn ní tirẹ̀, ó ní o ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, kí Látè kúkú jẹ gbogbo ẹja inú òkun tán. Ó ra abọ́ tuntun méjì de àna. Èmi ni mo ní kí Olúkúnlé sọ fún ọ pé kí o má pè mí mọ́.

Nígbà tí Àmínátù tó ń ta ọṣẹ àti aṣọ ní ọjà Madina wálé, mo ní tó bá padà, kó lọ wo Látè fún wa: gíga rẹ̀, eyín rẹ̀, ṣé ó ń mutí. Ìyá rẹ fi iṣu méjì rán an sí i. Nígbà tó tún wálé, Àmínátù ní òun dé ṣọ́ọ̀bù rẹ, o ò sí níbẹ̀, Abena tó ń bá ọ ṣiṣẹ́ lòun bá. Òun ní Látè lòun wá rí. Abena ní kó jókòó, ṣé ńlá ló fẹ́ ni tàbí kékeré. Àmínátù ní ńlá ni, pé bàbá Ọlábùnmí kò fẹ́ ọmọdé. Abena ní ṣé gbígbóná ni tàbí tútù. Àmínátù ní tútù ni, pé èyí tó bá gbóná yóò máa na ìyàwó. Nígbà tó yá, Abena gbé ife wàrà kan dé, ó pupa rúsúrúsú, yìnyín ń léfòó lórí rẹ̀, ó ní Látè rèé. Àmínátù wo inú ife, ó wo ẹ̀yìn ife, ó gbé iṣu méjèèjì sórí tábìlì, ó mu ún. Ó ní nígbà tí o dé, ìtìjú kò jẹ́ kí òun sọ ohun tó gbé òun wá, òun kàn gba àpò ata àti fọ́ọ̀mù tí o fi rán òun ni.

Nígbà tó jíṣẹ́ tán, ìyá rẹ dìde. Ó kó abọ́ méjèèjì lọ sórí àjà. Mo rò pé yóò sunkún ni, àfi bó ṣe gbé ìkòkò kaná, ó se wàrà, ó da ata rẹ sí i, ó ní ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó gba ọmọ wa lọ́wọ́ báńkì. A mu ún. Ọlábùnmí, ó dùn, ó sì ń ta èèyàn lọ́nà ọ̀fun bí ọ̀rọ̀ òtítọ́. Odindi ọjọ́ méjì ni irùngbọ̀n mi fi pupa, Làmídì ní ṣé mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kun àtíkè ni. Ṣùgbọ́n ojú tì mí. Oṣù méje ni mo fi bá ife wàrà jà! Iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ lo lọ ṣe, èmi tí mi ò sì ṣiṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni rí àfi oko mi, èmi ló yẹ kó kọ́kọ́ yé. Má bínú sí mi. Máa pè mí, kódà bí o kò bá ní dáhùn.

Olúkúnlé ti là á yé mi pé Ọ̀gá Níìkì kì í ṣe èèyàn, irè oko tí a ò fi kẹ́míkà sí ni. Nítorí náà, bí o ṣe fẹ́ máa ra atalẹ̀ pupa oko ìyá rẹ, mo ti kọ ọ̀rọ̀ kún fọ́ọ̀mù àwọn tó ń jẹ́rìí sí Ọ̀gá Níìkì. Wọ́n ní kí la fi ń bọ́ ilẹ̀, mo kọ ìgbẹ́ ewúrẹ́ Wòsílátù aládùúgbò wa, obìnrin olóòótọ́. Wọ́n ní ṣé à ń lo oògùn, mo ní ti orúnkún nìkan. Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i, mo fi ọwọ́ méjèèjì sí i, kó má baà kù síbì kan.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí a fi ra wáyà ṣọgbà, nítorí àwọn ewúrẹ́ Wòsílátù ti ń wo oko náà bí ẹni pé àwọn ni wọ́n gbìn ín. Àmínátù ní o fẹ́ fi Mòmó rán an, pé inú fóònù ni owó náà yóò gbà dé. A ò mọ Mòmó, a ò sì mọ ilé bàbá rẹ̀, bí ó bá jẹ́ ohun mímu lòun náà, kọ́kọ́ sọ fún wa. Àmínátù tí a mọ̀ ni kí o fún.

Iṣẹ́ rẹ yóò gbà ọ́, ìwọ náà yóò gba iṣẹ́ rẹ. Ẹni tó bá tọ́ ọjà rẹ wò lẹ́ẹ̀kan yóò tún padà wá. Ìlú onílùú kò ní lé ọ, ilé kò ní sú ọ. Àṣẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àkànbí.

Mo gbàgbé. Fọ́ọ̀mù ní kí a fi fọ́tò oko ránṣẹ́. Onífọ́tò dé, ìyá rẹ kọ̀, ó ní a kì í ya oko lásán bí ẹni tí kò ní ẹbí, ó lọ wọ léèsì, ó dúró sí àárín rẹ̀. Bí wọ́n bá ní àwọn kò rí oko dáadáa, sọ fún wọn pé ìyá rẹ ni oko náà.