Sálúbàtà Nínú Ẹ́ńjìnnì Alájà

Ṣàgámù, Ọjọ́ Ẹtì, 14/3/86

Mo ti fi kẹrosíìnì àti ọṣẹ fọ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹta, òórùn rọ́bà jíjóná ò lọ. Ó rí mi lára.

Àárọ̀ ni wọ́n wọ́ mọ́tò Alájà tó ń ta obì ní Ọ̀fin wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì. Mo tú pọ́ǹpù ọ́ìlì. Kí ni mo bá níbi tó yẹ kí síìlì tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú wà? Rọ́bà sálúbàtà! Ẹnìkan ló fi ọ̀bẹ gé e roboto. Ó ti yọ́ pátápátá, ọ́ìlì sì ti jò tán.

Mo pariwo lójú gbogbo èèyàn: "Ọwọ́ ẹni tó ṣe iṣẹ́ ìdọ̀tí yìí á rọ!"

Alájà ò bá mi pariwo. Wọ́n ní, "Ọ̀gá, ẹ má ṣépè mọ́. Sálúbàtà tèmi nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ gé e lọ́jọ́ tí obì fẹ́ bà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, tẹ́ ẹ ní síìlì ò sí lọ́jà. Mo padà wá lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ ní kí n ṣì máa lò ó bẹ́ẹ̀."

Àwọ̀ ewé sálúbàtà wọn ṣì wà létí rọ́bà náà. Mo rántí bí Alájà ṣe fi ẹsẹ̀ kan lásán wọ mọ́tò lọ lọ́jọ́ náà.

Ẹnì kankan ò rẹ́rìn-ín. N ò sì bẹ̀ wọ́n.

Ọwọ́ tí mo ṣépè fún náà ni mo fi ń kọ èyí.