Òògùn Tó La Ìka Ìyá Ilé Mi

Ojúlé Kẹtàdínlógún,
Òpópónà Ẹ̀yìn Ọsibítù.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹfà.

Àbúrò mi àtàtà,

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí ó dá ẹ̀mí wa sí, tí ó sì fún mi lágbára láti di kálàmù mú. Báwo ni ilé? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyàwó wa ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ń jẹ́ kí ó sùn? O ní wọ́n pè é kí ó wá dán òògùn tuntun wò fún àrùn oríkèé náà, o sì ń béèrè ìmọ̀ràn mi.

O mọ bí àrùn yẹn ti ká ìka ìyá ilé mi kò, tí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ fi di ibi tí à ń gbé fìlà lé. Nígbà tí wọ́n pe òun náà láti dán òògùn mìíràn wò, dókítà ṣàlàyé pé oníṣẹ́ kan wà nínú ara tí ó máa ń lọgun nígbà tí ìnira bá dé. Ariwo rẹ̀ ni oríkèé ń gbọ́ tí ó fi ń wú. Òògùn náà kéré débi pé ó ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì lọ dí i lẹ́nu. Ìyá wọn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ fún baálé mi ní ọ̀kan, bóyá kò ní hanrun mọ́."

Ó ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ìka rẹ̀ là, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣọ.

Lẹ́yìn náà ni ara ń yún un, oúnjẹ kò wù ú jẹ, ìtọ̀ rẹ̀ sì pọ́n. Mo ní kí ó sọ fún wọn. Ó ní, "Ṣé ẹni tó la ọwọ́ mi ni kí n tún máa ráhùn sí?" Ìta ni wọ́n máa ń ní kí èmi jókòó. Láti ibẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ dókítà: "Màámá, ṣé ara le?" Òun á ní, "Ara le, ọmọ mi, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Wọ́n á kọ ọ́ pé kò sí ìyọnu, wọ́n á pe ẹlòmíràn wọlé.

Nígbà tí wọ́n yóò fi gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́ jìnnà. Oníṣẹ́ tí wọ́n dí lẹ́nu ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe níbẹ̀ pẹ̀lú. Kì í ṣe ìyá ilé mi nìkan ló ṣẹlẹ̀ sí. Wọ́n kó òògùn náà kúrò nílẹ̀. Dókítà ní, "Màámá, kí ló dé tí ẹ kò sọ?" Ó ní, "Ọmọ mi, o kí mi ni, mo sì dá ọ lóhùn."

Àbúrò mi, ọmọ ilẹ̀ wa ni dókítà yẹn. Ilé tí wọ́n ti ń kí àgbà ló ti jáde. Ó mọ̀ pé àgbà kì í fi àròyé dáhùn ìkíni, síbẹ̀ ìkíni ló fi ṣe àyẹ̀wò. Ìka ti ká padà, ẹ̀dọ̀ kò sì lè gba òògùn mìíràn. Èmi ni mo ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Mo ń gbàdúrà kí Ọlọ́run mú ìkorò yìí kúrò lọ́kàn mi. Kò tíì kúrò.

Èmi kò ní kí ìyàwó wa má gba tuntun yìí. Òun ni ìrora ń jẹ. Ṣùgbọ́n bá a wọ yàrá dókítà, bí wọ́n tilẹ̀ ní kí o jókòó síta. Bí wọ́n bá ní ṣé ara le, kí ó ka gbogbo ibi tó ń dùn ún sí wọn létí. Kí ó má dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni títí yóò fi ráhùn tán.

Bá mi kí àwọn ọmọ. Kí Olúwa fi àlàáfíà bo ilé rẹ, kí ó tu egungun ìyàwó wa lára, kí ó má sì jẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ilé tèmi mọ̀.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò gbàgbé rẹ,
Tíṣà Àgbà.