Yáásínì Tí Mo Kà ní Àgọ́-Àrẹ

                                                  Agbo-ilé Olówùú,
                                                  Ìsàlẹ̀ Ọjà,
                                                  Ìsẹ́yìn.
                                                  14 Oṣù Kẹfà, 1983.

Mùstàfá, ọ̀rẹ́ mi àtọjọ́ ilé kéwú,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o, ọjọ́ mẹ́ta tó ti di ọdún mẹ́tàdínlógún. O kú ààwẹ̀. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ lẹ́nu awakọ̀ kan tó ń ná Ṣakí pé ẹsẹ̀ ń dun ìyá rẹ. Ṣé wọ́n ti ń fi tẹlẹ̀ dáadáa báyìí? Ó tún sọ fún mi pé o ti ní ilé kéwú tìrẹ, pé àwọn ọmọ tó ń kọ́ kéwú lọ́dọ̀ rẹ kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọlọ́run á túbọ̀ fún ọ ṣe. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, òjò ti mú ilẹ̀ rọ̀, inú àwọn àgbẹ̀ ń dùn, àwa ahunṣọ là ń kùn nítorí òwú kì í fẹ́ ọ̀rinrin. Ara gbogbo wa le, àfi ojú mi tí n kò lè gbé sókè. Má bẹ̀rù, n kò wá tọrọ nǹkan kan. Ẹjọ́ ara mi ni mo wá rò, ìwọ ni mo sì kọ́kọ́ ṣẹ̀.

O ò ní gbàgbé ohun tí Bàbá Àpọ́nlé sọ lọ́dún 1964, nígbà tí mo fẹ́ gbé Àwáwù ọmọ wọn níyàwó. Wọ́n ní ẹni tí kò bá tíì kéwú débi wòlímọ̀, ìyẹn ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́yege ilé kéwú, kò ní mú ọmọ àwọn kúrò ní Àgọ́-Àrẹ. Èmi tí mo ti sá nílé kéwú nígbà tí n kò tíì mọ lẹ́tà álífù yàtọ̀ sí bá dáadáa, kí ni mo fẹ́ kà? Ìwọ lo gbà mí sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ìwọ fi ń lé e tí èmi ń gbè é, títí ìbẹ̀rẹ̀ Súrátù Bàkárà fi dúró lórí ahọ́n mi, ẹsẹ márùn-ún péré. Lọ́jọ́ ìnáwó, wọ́n wé láwàní fún mi, mo la Àl-Kùránì sílẹ̀, mo kà á wàràwàrà bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ààfáà Bàṣírù nìyẹn, èmi náà sì ń jẹ́ ẹ.

O kìlọ̀ fún mi nígbà náà. O ní bí ìnáwó bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, kí n padà wá jókòó kí n kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ní mo gbọ́. Nígbà tó di ọdún kejì, o gbé wàláà, pátákó ìkéwú, wá bá mi nídìí òfì, mo ní ó di ẹ̀yìn ìkómọjáde. Bí o ṣe pẹ̀yìn dà, mo sọ fún àwọn ahunṣọ ẹlẹgbẹ́ mi pé ìlara ló ń ṣe ọ́, pé o ò níyàwó, o ò níṣẹ́ gidi lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí o fi fẹ́ sọ mí di ọmọdé padà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ó dé etí rẹ, nítorí o ò wá mọ́. Jọ̀wọ́, dárí jì mí. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo ti mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa.

Láti ìgbà náà, àwáwí ni iṣẹ́ mi. Mo ní bàbá mi ló mú mi lọ sóko. Mo ní pàṣán Ààfáà wa ló lé mi. Mo ní òfì kò fún mi láyè, bẹ́ẹ̀ ó ń fún mi láyè ayò ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí Ọlọ́run dá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó kọjá, Bàbá Àpọ́nlé jáde láyé. Ọjọ́ kẹjọ pé, a ti ta àtíbàbà, oúnjẹ ti jinná, ṣùgbọ́n àwọn ààfáà tó fẹ́ wá ka Yáásínì, súrà tí à ń kà fún òkú, kò dé. Àdúrà fìdáù òkú mìíràn ni wọ́n lọ ṣe ní Ofiki, ọkọ̀ wọn sì dẹnu kọlẹ̀ sọ́nà. Oòrùn ń lọ. Ni Àpọ́nlé, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, bá dìde, ó ní kí ni à ń wọ̀nà sí, ṣebí Ààfáà Bàṣírù, àna àwọn, ló jókòó yìí. Wọ́n gbé Àl-Kùránì síwájú mi.  Mùstàfá, ẹnu mi kò gbà á láti sọ pé n kò mọ̀ ọ́n. Mo ṣí ìwé síbi tó bá ṣí sí, mo mi orí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹsẹ márùn-ún tí o kọ́ mi. Nígbà tó tán, mo tún un kà. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo kà á fún òkú olóòótọ́ yẹn. Wọ́n ṣe àmín, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. 

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Àpọ́nlé, ìyá ìyàwó mi, ránṣẹ́ pè mí sí yàrá. Ojú wọn ti di bàìbàì, wọn kò sì mọ̀wé kankan, ì báà jẹ́ ti Lárúbáwá tàbí ti òyìnbó. Mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kí n jókòó. 

"Ọkọ Àwáwù, èyí tí o kà lánàá, ṣé òun kọ́ lo kà lọ́jọ́ tí o wá gbé ọmọ mi?"

Ì bá sàn kí wọ́n gbá mi létí. Mo kólòlò. Mo fẹ́ fi irọ́ bo irọ́, kò ṣe é ṣe, ni mo bá tún gbé èyí tí mo mọ̀ dé, pé bàbá mi ló mú mi kúrò nílé kéwú, pé wọn kò fún mi láǹfààní. Wọ́n jẹ́ kí n rojọ́ mi tán.

"Ọdún mélòó ni bàbá rẹ ti kú?"

Mo ní ọdún mẹ́rìnlá.

"Ta ló wá ń dì ọ́ lọ́wọ́ mú láti ọdún mẹ́rìnlá?"

 Wọn kò pariwo, wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn ní ogójì ọjọ́ ọkọ àwọn ń bọ̀, àwọn sì fẹ́ kí n ka ohun tí mo mọ̀, bó ti wù kó kéré mọ.

Wọ́n ní ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Bí mo ṣe dé Ìsẹ́yìn, mo tọ Ààfáà Ládòkun lọ, tó ní ilé kéwú ládùúgbò wa, ẹni tí mo fi ọdún mẹ́wàá jù. Àánú mi ṣe é, ó ní òun á máa wá kọ́ mi nílé kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Ṣùgbọ́n mo mọ ara mi: ohun tí mo bá fi ìkọ̀kọ̀ bẹ̀rẹ̀, ìkọ̀kọ̀ náà ni màá ti pa á tì. Mo ra wàláà, mo lọ jókòó sórí ẹní láàárín àwọn ọmọ tí eyín ń yọ lẹ́nu wọn. Ọmọbìnrin kan tó jókòó tì mí ló máa ń tún un ṣe bí mo bá ṣì í kà, ọmọ náà kò sì mọ̀ pé à ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Àwọn tó ń lọ sọ́jà ń dúró wò mí. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín; mo jẹ ẹ̀sín, n kò kú.

Sátidé tó kọjá ni ogójì ọjọ́ pé. Àwọn ààfáà tètè dé lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, mo dìde láàárín àwọn àna. Mo ní, "Yáásínì kọ́ ni mo kà fún bàbá lọ́jọ́ kẹjọ. N kò mọ̀ ọ́n. N kò mọ kéwú, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni."  Àpọ́nlé yí ojú kúrò lára mi, kò sì tíì bá mi sọ̀rọ̀ dòní. Àbúrò bàbá kan ní ṣé ẹ rí i pé jìbìtì ni wọ́n fi gbé ọmọ wa lọ. Mo jókòó, mo fi ìka tọ lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ka súrà kékeré mẹ́ta. Ó pẹ́, òógùn bò mí. Níbì kan mo dúró, mo ń wo lẹ́tà, lẹ́tà ń wò mí, kò sẹ́ni tó gbà á lẹ́nu mi títí mo fi dá a mọ̀ fúnra mi.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, bá mi kí ìyá, kí o sì bá mi kí gbogbo ọmọ ilé kéwú rẹ. Bí o bá ní àyè, fèsì, àní bó jẹ́ èébú ni. Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ sọ fún ọ, n kò sì rí ẹlòmíràn sọ ọ́ fún.

Nígbà tí a ń padà bọ̀ láti Àgọ́-Àrẹ, mo bẹ Àwáwù nínú ọkọ̀ pé kó má bínú, pé mo ti tàn án jẹ láti ọdún mọ́kàndínlógún. Ó kọjú síta, ó ń wo oko tí à ń kọjá.

"O ò tàn mí. Gbogbo ààwẹ̀ ni wàá la Àl-Kùránì lé itan níwájú ilé, tí wàá máa mi orí. Láti ọdún tí a bí àkọ́bí wa ni mo ti rí i pé o kì í ṣí ojú ewé kan sí èkejì."

Mùstàfá, ó mọ̀. Ó mọ̀, ó sì ń gbé omi àlùwàlá kalẹ̀ fún mi lójoojúmọ́, tó ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n yé pariwo, bàbá wọn ń kéwú.

Tìrẹ ni mí, bí o bá ṣì gbà mí,

Bàṣírù.